Ta Ni Yóò Kọ Yorùbá sí Rẹ́jísítà Kọ̀ǹpútà?

Bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá ń wọlé bọ̀ ní ọ̀pọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Àgbà, iṣẹ́ kan a máa wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Òṣìṣẹ́ kan yóò mú àwo sídì tàbí fúláàṣì dání, yóò wọ yàrá kọ̀ǹpútà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kìíní. Yóò tàn án, yóò ki sídì bọ̀ ọ́, yóò dúró tì í. Ẹ̀rọ yóò bi í pé èdè wo ni ó fẹ́, yóò dáhùn. Ẹ̀rọ yóò bi í pé irú kíbọ́ọ̀dù wo ni, yóò dáhùn. Orílẹ̀-èdè wo? Agogo ibo? Báwo ni kí a ti pín inú díìsìkì? Kí ni orúkọ ẹ̀rọ yìí? Kí ni ọ̀rọ̀ ìwọlé? Bí ó bá parí ti àkọ́kọ́, ó di orí ìkejì: ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà, títí yóò fi dé orí ẹ̀rọ 30 tàbí 40. Bí iná bá lọ láàárín kan, àtúnbẹ̀rẹ̀ ló kù.

Ìbéèrè méjì tí ẹ̀rọ fi ń ṣíde yẹn, èdè wo àti kíbọ́ọ̀dù wo, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òṣìṣẹ́ a dáhùn rẹ̀ láìronú: Gẹ̀ẹ́sì, kíbọ́ọ̀dù ti Amẹ́ríkà. Kò fi èyí tàbùkù èdè kankan; kò sí ẹni tó ní kí ó ṣe òmíràn ni. Síbẹ̀, ohun tí ìdáhùn ìṣẹ́jú kan yẹn ń bí kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tó ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí oríkì tàbí lórí ìtàn àròsọ yóò tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò ní ẹ, tí kò ní ọ, tí kò ní ṣ, tí kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn. Yóò tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, yóò mú báírò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ to àmì sí i láti ojú ìwé kìíní. Ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ni àmì yóò ti tán. Olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, tó ti kọ́ ọ ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, yóò sì máa gé máàkì rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀rọ dá.

Àwọn kan dá ọgbọ́n sí i ní ìgbà kan. Wọ́n ṣe fọ́ǹtì àkànṣe: wọ́n yọ àmì kan tí a kì í sábà lò kúrò ní àyè rẹ̀, wọ́n fi ọ̀ tàbí ẹ́ rọ́pò. Ó rẹwà lórí ẹ̀rọ ẹni tó ni fọ́ǹtì náà. Bí fáìlì bá fi lè dé orí ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀rọ̀ a di àdììtú, àmì owó òyìnbó a wọ àárín òwe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni iṣẹ́ wọn ṣòfò báyìí. Láti ìgbà tí ìlànà Unicode ti gbilẹ̀, tí ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn lágbàáyé, tí àmì ohùn sì ṣe é gbé lé wọn lórí, ìyẹn ti di ìtàn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux lábẹ́ ti Nàìjíríà; ó wà nínú Windows 7 tó jáde ní 2009. Lẹ́tà wà, kíbọ́ọ̀dù wà. Ẹni tí yóò sọ fún ẹ̀rọ, ní àkókò tí a ń tò ó, pé kí ó gbé e jáde ni a kò rí.

Ní àwọn ibi tí ẹ̀rọ ti pọ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè yí ká lọ, ọ̀nà mìíràn ti wà tipẹ́. Wọ́n ń lo ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní directory. Ìwé Ède-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, fún lítíréṣọ̀ àti fún ìlànà ìkọ́ni. Kọ̀ǹpútà kò tíì di ohun tí à ń bá jí nígbà náà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó dá ìwé náà lẹ́bi. Rẹ́jísítà ni a ó máa pe directory níhìn-ín, nítorí pé kò sí olùkọ́ tí kò mọ rẹ́jísítà, iṣẹ́ méjèèjì sì jọra ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Rẹ́jísítà kíláàsì a máa sọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀, orúkọ òbí àti àdúgbò tó ń gbé. Olùkọ́ kíláàsì lè wò ó, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè wò ó, aṣàbẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba náà lè wò ó. Ohun kan náà ni gbogbo wọn yóò rí, nítorí pé ojú kan ni a kọ ọ́ sí. Ohun tí directory ń ṣe nìyẹn, fún ènìyàn àti fún ẹ̀rọ. Ní 1988 ni àwọn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ gbé ìlànà X.500 kalẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìlànà náà wúwo fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké ìgbà náà. Ní 1993, Tim Howes ti Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tó fúyẹ́ jáde, ìyẹn ni LDAP. Òun ló gbòde títí di òní.

Bí LDAP ti ń to orúkọ kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí àlejò bá wọ agbo, a ó bi í pé ta ni, ọmọ ilé wo, ìlú wo ló ti wá. Orúkọ ẹ̀rọ nínú LDAP a máa bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, a bọ́ sí agboolé tó wà, a sì parí sí ìlú: ẹ̀rọ kẹta, yàrá èdè, ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Ẹ̀rọ méjì lè jẹ́ orúkọ kan bí agboolé wọn bá yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí Àkànní ti lè wà ní ilé méjì láìjà.

Báwo wá ni rẹ́jísítà ti ń gbé ètò adarí sórí ẹ̀rọ? Ètò adarí ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ Windows, ìbáà jẹ́ Linux. Bí a bá mú kọ̀ǹpútà tí inú rẹ̀ ṣófo, tí kò ní èyíkéyìí nínú wọn, tí a sì tàn án, kò kú tán. Káàdì tó fi ń bá wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ ní ètò kékeré kan nínú tó ń jẹ́ PXE, èyí tí ilé-iṣẹ́ Intel là sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ètò yìí yóò ké sí gbogbo ohun tó bá wà lórí wáyà, yóò ní kí wọ́n sọ fún òun ẹni tí òun í ṣe. Nọ́ńbà kan ni yóò fi ké, nọ́ńbà oní-ìpín mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà fi sí i, tí kò yẹ kí káàdì méjì jọ ní. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ká fi wé. Kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tẹ́tí yóò gbọ́, yóò yẹ rẹ́jísítà wò. Bí ó bá rí nọ́ńbà náà níbẹ̀, yóò fèsì pé orúkọ rẹ nìyí, àdírẹ́sì rẹ nìyí, ibi tí o ó ti gba ètò tí o ó fi ṣíde nìyí. Ẹ̀rọ yóò gba ètò náà láti orí wáyà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ onísídì ń dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò parẹ́. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ síbẹ̀: èdè, kíbọ́ọ̀dù, agogo, díìsìkì, ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà àgbà ni ìdáhùn wọn wà, rẹ́jísítà ló sì ń sọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ 40 sì ń kà á. Òṣìṣẹ́ lè ti ilẹ̀kùn yàrá kó lọ jẹun.

Ẹ̀rọ inú ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti ọ́fíìsì búrsà yàtọ̀ sí ti yàrá ìkàwé, ti yàrá ìkàwé yàtọ̀ sí ti yàrá èdè. Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe ètò FAI fi yanjú èyí yóò dùn mọ́ olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Àgbà, nítorí pé òun náà ni ọgbọ́n tó fi ń pín akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe Yorùbá pẹ̀lú Ìtàn wà nínú kíláàsì Yorùbá, ó wà nínú ti Ìtàn, ó sì wà nínú ti Ẹ̀kọ́ Nípa Ìkọ́ni tí gbogbo wọn jọ ń ṣe. A kì í kọ ìwé ẹ̀kọ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ó kọ kíláàsì tó wà sí iwájú orúkọ rẹ̀, ìyókù a sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni FAI ń ṣe. Ẹ̀rọ kan lè wà nínú kíláàsì mẹ́ta: ọ̀kan sọ bí a ó ti pín díìsìkì rẹ̀, ọ̀kan sọ sọ́fítíwià tí yóò wà lórí rẹ̀, ọ̀kan sọ èdè àti kíbọ́ọ̀dù. Thomas Lange ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Cologne ní Jámánì ní 1999. Ìlú Munich, tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ pinnu ní 2003 láti kó kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú kúrò lórí Windows bọ́ sórí Linux, lo FAI pẹ̀lú rẹ́jísítà LDAP. Ojú tí òṣìṣẹ́ fi ń wo rẹ́jísítà náà ni wọ́n ń pè ní GOsa. Ní 2013, nǹkan bí ẹ̀rọ 15,000 ló ti wà lábẹ́ ètò yìí. Lóòótọ́, ní 2017 ìgbìmọ̀ náà yí ohùn padà, wọ́n ní kí a padà sí Windows. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fà á sí kì í ṣe bí a ti ń to ẹ̀rọ. Microsoft pàápàá kò fi ọ̀nà yìí ṣeré: rẹ́jísítà tirẹ̀, Active Directory, jáde pẹ̀lú Windows 2000 ní oṣù kejì ọdún 2000, ètò kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ láti orí wáyà. Kọ̀ǹpútà àgbà tí kò bá tíì gba àṣẹ nínú rẹ́jísítà kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Àpẹẹrẹ tó kan olùkọ́ èdè gan-an wà ní Norway. Ní 2001, àwọn kan tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Skolelinux. Skole ni ilé-ẹ̀kọ́ lédè Norway. Wọ́n fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ lè ní gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà láìsan owó sọ́fítíwià, kí olùkọ́ kan tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ sì lè máa bójú tó o. Ṣùgbọ́n èdè wà lára ohun tó gbé wọn dìde. Ọ̀nà ìkọsílẹ̀ méjì ni èdè Norway ní, Bokmål àti Nynorsk. Àwọn tó ń kọ Nynorsk ló kéré. Ní apá àríwá ilẹ̀ náà ni àwọn Sámi wà, tí èdè tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá tilẹ̀ ka ti Sweden àti Finland mọ́ ọn, àwọn tó ń sọ Sámi ti Àríwá kò pé 30,000. Àwọn lẹ́tà bí č, đ, ŋ, š, ŧ àti ž wà nínú àkọtọ́ wọn, bí ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú ti Yorùbá. Àwọn oní-Skolelinux ṣe é ní àfojúsùn pé kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà kí ó sì rí èdè rẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ Bokmål, ìbáà jẹ́ Nynorsk, ìbáà jẹ́ Sámi. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ wọn di ọ̀kan pẹ̀lú èyí tí àwọn ará Faransé ń ṣe, tó ń jẹ́ Debian Edu.

Kọ̀ǹpútà àgbà inú ètò yìí ń jẹ́ tjener. Ìránṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó tọ́ kí olùkọ́ Yorùbá dúró wo ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn yìí mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọn ì bá pè é ní server kí wọ́n sì kọjá lọ. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ inú ilé, ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà lábúlé gbọ́, wọ́n fi sọ ẹ̀rọ lórúkọ, ẹ̀rọ sì ń jẹ́ ẹ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Orí tjener ni rẹ́jísítà LDAP wà. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tuntun tí a bá so mọ́ wáyà yóò gba ètò adarí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tjener. Bí ó bá to ara rẹ̀ tán, yóò ròyìn ara rẹ̀ fún tjener: irú ẹ̀rọ tí òun jẹ́, nọ́ńbà tó wà lára káàdì òun. Olùtọ́jú yóò wo ìròyìn náà, yóò sì gba orúkọ rẹ̀ wọ rẹ́jísítà, bí olùkọ́ ti ń gba ọmọ tuntun wọ kíláàsì. Ìbéèrè èdè àti kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ronú sí kí ẹ̀rọ kankan tó dé yàrá. Ohun tó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pípọ̀ àwọn Sámi, nítorí pé wọn kò tó àwọn tó ń sọ Yorùbá ní àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ èdè ń dùn ni wọ́n wà ní ìdí àga níbi tí a ti ń kọ ìdáhùn.

Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé kí ni gbogbo wàhálà rẹ́jísítà yìí, nígbà tí a lè to ẹ̀rọ kan tán, kí a sì da ohun tó wà nínú díìsìkì rẹ̀ kọ sórí àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n a sì máa pè é ní ghost. Ó yá, ó sì dára bí gbogbo ẹ̀rọ bá jẹ́ irú kan náà, tí wọ́n jọ ti inú páálí kan jáde. Ó ti ṣọ̀wọ́n kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹ̀rọ mẹ́wàá a ti ọ̀dọ̀ àjọ kan wá, mẹ́fà a ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wá, ọ̀kan a jẹ́ èyí tí ọ̀gá kan lò tó gbàgbé. Dída ẹ̀rọ kan kọ sórí òmíràn dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wo ìwé ẹnìkejì nínú yàrá ìdánwò, tó kọ ìdáhùn rẹ̀ tán, tó sì kọ orúkọ ẹnìkejì náà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ 40 a máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, a sì tún padà sí ẹsẹ̀ rínrìn láti lọ tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tó bá sì wà lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, títí kan àìsí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, gbogbo ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún un.

Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti iná náà a máa jẹ yọ. Ti íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn: iṣẹ́ yìí kò gbé e lé e. Wáyà tó so àwọn ẹ̀rọ inú ọgbà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà àgbà ti tó, bí ohun tí wọn yóò gbà bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà àgbà náà. Ti iná ṣòro díẹ̀, kò sì yẹ kí a bo ó mọ́lẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà àgbà bá kú, kò sí ẹni tí yóò dá ẹ̀rọ tó ń ké lóhùn. Ó gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà rẹ́jísítà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tí iná ti ń ṣe ségesège náà ni ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́ jù, tí ètò adarí ti ń dàrú nígbà tí iná bá já lójijì. Níbẹ̀ ni ó ti wúlò jù kí ẹ̀rọ lè to ara rẹ̀ padà ní òru kan láìsí pé à ń wá sídì tí ẹnì kan yá lọ.

Ewu tó tóbi jù kò sí lára iná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ní Yunifásítì Emory ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àṣẹ kan láti gbé Windows 7 tuntun sórí ẹ̀rọ jáde láti inú ètò tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà wọn.  Ó ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Windows lábẹ́ ètò náà. Ẹ̀rọ orí tábìlì, ti àgbélétan àti kọ̀ǹpútà àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í nu inú ara wọn nù. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbà tó gbé àṣẹ náà jáde ti nu ara rẹ̀ pẹ̀lú. Yunifásítì tó lówó, tó ní àwọn onímọ̀ tó péye, ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Agbára tó fi ń fi ìlà kan ṣe ohun rere fún ẹ̀rọ 1,000 náà ló fi ń fi ìlà kan ba 1,000 jẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè ta ni ó ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú rẹ́jísítà ṣe pàtàkì ju ìbéèrè irú rẹ́jísítà wo lọ. LDAP fi àyè sílẹ̀ fún èyí: ẹnì kan lè ní àṣẹ láti kà nìkan, ẹlòmíràn lè ní àṣẹ láti kọ sí agboolé kan ṣoṣo, kí ó má lè fọwọ́ kan òmíràn.

Àyè yìí ni ó yẹ kí ẹ̀ka Yorùbá bèèrè fún. Wọn kò ní láti di onímọ̀ ẹ̀rọ, wọn kò sì ní láti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọgbà. Agboolé kan ṣoṣo ti tó: yàrá èdè. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń lo rẹ́jísítà tàbí tí ó ń gbèrò rẹ̀, kí ẹ̀ka Yorùbá kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ní kí kíláàsì kan wà tí yóò máa jẹ́ YORUBA, kí wọ́n sì so ó mọ́ gbogbo ẹ̀rọ tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ń lò. Ìlà díẹ̀ ni kíláàsì náà yóò gbà: kí kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà ti Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí bọ́tìnnì kan wà tí a fi ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kí fọ́ǹtì tó mọ bí a ti ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ àti ọ wà níbẹ̀, kí ọjọ́ àti oṣù lè jáde ní Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń sọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ èdè kò ronú jìnnà. Òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà lè kọ ìlà náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí kò lè mọ̀ ni ohun tó yẹ kí ó kọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ pàápàá tí àwọn olùkọ́ Yorùbá fúnra wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí. Lẹ́tà márùn-ún ni kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ní tí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò lò: c, q, v, x àti z. Àwọn kan sọ pé kí ẹ, ọ àti ṣ gba àyè mẹ́ta nínú wọn, kí ọ̀nà lè yá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ ìwé gígùn. Àwọn mìíràn ní kò tọ́, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà yóò kọ Vaughan tàbí Ajayi Crowther láàárín gbólóhùn Yorùbá, yóò sì wá lẹ́tà rẹ̀ tì; ní tiwọn, kí gbogbo lẹ́tà dúró sí àyè rẹ̀, kí bọ́tìnnì kan ní ẹ̀gbẹ́ máa pe ẹ jáde láti ara e. Ibi tí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ yóò wà kò tíì yanjú bákan náà: ṣé kí a tẹ àmì kí a tó tẹ fáwẹ̀lì ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, bí ọwọ́ ti ń ṣe é lórí ìwé? Ẹni tó fi báírò kọ Yorùbá láti kékeré yóò fẹ́ kí fáwẹ̀lì ṣáájú. Kò sí bí ẹ̀ka kan ṣe lè gbé kíláàsì YORUBA lọ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé wọ́n ti yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ìpàdé ẹ̀ka ìrọ̀lẹ́ kan sì lè parí rẹ̀ kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, kí òṣìṣẹ́ onísídì tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kìíní.